Sìmẹ́ńtì Ò Mọ Akíkanjú

“Wọ rọ́bà yìí mọ́ orúnkún kó o tó kúnlẹ̀!” Ọ̀gá mi, bíríkìlà àgbà, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ní kí n dá rẹ́ ilẹ̀ yàrá kan. Bó bá dán, mo di igbákejì ẹ̀ nìyẹn.

“Èmi? Rọ́bà? Ọ̀gá, ẹ̀gún tó bá gún mi, òun fúnra ẹ̀ ló ń sunkún!”

Abẹ́rẹ́, ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, tó tín-ín-rín bí okùn, rẹ́rìn-ín. “Ká ní ọpọlọ ẹ nípọn tó awọ ẹ ni, ò bá ti di ọ̀gá tipẹ́.”

Mo ju rọ́bà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì tútù títí ilẹ̀ fi ń dán bí awo. Kò dùn mí rárá. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, mo bọ́ ṣòkòtò. Orúnkún mi méjèèjì ti wú, wọ́n sì dúdú bí ìdí ìkòkò! Igbe tí mo ké, ẹyẹ mẹ́tàdínlógún ló já bọ́ lórí òrùlé. Abẹ́rẹ́ ní méjì ni. Kò mọ̀ ọ́n kà ni.

Ọ̀gá bu omi dà sí orúnkún mi, ó sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ìyá àgbàlagbà kan.

“Mà, ṣé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ mi?”

“Rárá. Sìmẹ́ńtì tútù máa ń jó awọ láìsí iná, díẹ̀díẹ̀. Ó ti pa sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀.”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Èmi ò kàwé, mi ò tijú.

“Ohun tíntìntín tí wọ́n fi kọ́ ara wa, bí bíríkì ṣe kọ́ ilé. Ojú lásán ò lè rí i.”

“Tèmi lè rí i, mà.”

“Panu mọ́! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kú. Èyí tó bá gbó á palẹ̀ ara ẹ̀ mọ́, á já sí wẹ́wẹ́, àwọn aládùúgbò ẹ̀ á jẹ ẹ́ tán, wàhálà ò sí. Nínú ikùn ìyá ẹ, awọ ló so ìka ẹ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kú kí ìka lè yà. Ikú ire nìyẹn. Èyí tó o fi agídí pa ò ráyè palẹ̀ mọ́. Ńṣe ló bẹ́, tí inú ẹ̀ dà sára àwọn tó kù. Ìdí tí orúnkún ẹ fi wú nìyẹn.”

Mo dákẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó sílé kí awọ tuntun tó bò ó. Nígbà tí mo padà, Abẹ́rẹ́ ti di igbákejì ọ̀gá.

“Ṣé ilẹ̀ mi ò dán ni?” mo bi ọ̀gá.

“Ó dán. Àmọ́ ẹni tí ò lè ṣọ́ orúnkún ara ẹ̀, ta ni màá fi sábẹ́ ẹ̀ kó máa ṣọ́?”

Òótọ́ ni, ó sì wọ̀ mí lára. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà bí ò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Tèmi ò tiẹ̀ dúró dalẹ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tó ń pani lára kì í fìgbà gbogbo dunni. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ti kìlọ̀, ẹ gbà.

Inú mi dùn ṣá. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, mo sì ń gba àṣẹ lẹ́nu Abẹ́rẹ́.

“Rọ́bà orúnkún ẹ dà?”

“Ó ti wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi, ọ̀gá kékeré. Mò ń fà á gòkè.”