Awò Ìràwọ̀ Lóko Fákẹ́yẹ

"Madame, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kámẹ́rà yín ṣeé tú?"

Ohun tí Marcellin kọ́kọ́ sọ fún Ọmọ́ládé nìyẹn. Kò ní ẹ kú iṣẹ́, kò ní ẹ kúulé. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Adja-Ouèrè, nílẹ̀ Benin, ó ń wo kámẹ́rà tó wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà bí ajá ṣe ń wo ẹran nínú ọbẹ̀.

Ọmọ́ládé wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà ṣeé tú?"

Ràhámátù, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Ọmọ́ládé, bú sẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rán ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ oníaṣọ.

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó wá kí wọn dáadáa. Ó ní Marcellin lorúkọ òun, ọmọ Pobè lòun, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní physique ní collège kan lápá Ikpinlè. Ó ní òun ní awò ìràwọ̀ kan, ó sanra bí àgbá kékeré, ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń wò.

"Kí wá ni kámẹ́rà tèmi fẹ́ lọ wá lójú ọ̀run?"

"Ó fẹ́ lọ bá wa wo ohun tí ojú wa ò lè rí."

Ẹ wo ẹnu! Gbogbo fọ́tò ìwé ìdánimọ̀, gbogbo ìgbéyàwó, gbogbo ìsọmọlórúkọ tí Ọmọ́ládé ti yà, kò sẹ́ni tó bá a sọ irú ẹ̀ rí. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín díẹ̀" ni òun ń sọ fún wọn, "èló ni?" ni wọ́n sì ń dá a lóhùn. Ó fa àga.

"Jókòó, Prof."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ràhámátù ní òun gbọ́ ọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ó dún "pó" bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò bíà.

Lọ́jọ́ kejì, Marcellin gbé awò náà wá. Ó fi dígí kékeré kan hàn án láàárín gíláàsì iwájú.

"Ṣó o rí i, Ládé? Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á lọ kọlu dígí ńlá tó wà nísàlẹ̀, á padà wá kọlu kékeré yìí, á tún padà sẹ́yìn, ibẹ̀ la ti ń fojú wò ó. Ìrìn ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibi tíńtín ló ń rí, ó sì ń pẹ́. Tí mo bá fẹ́ ya fọ́tò, kó tó yà á tán, gbogbo ìràwọ̀ á ti fà gbọọrọ bí ekòló."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Màá yọ dígí kékeré yìí dà nù. Màá fi lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà sí ipò ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kọlu dígí ńlá, kámẹ́rà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Fọ́tò tó ń gba àkókò pípẹ́, wàràwàrà báyìí ló máa parí. Á sì rí ibi tó fẹ̀ rẹrẹẹrẹ."

"Èèyàn ńkọ́? Níbo la ó ti máa yọjú?"

"Kò ní síbi yíyọjú mọ́. Orí tablette ni gbogbo wa ó ti jọ máa wò ó."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà nínú kámẹ́rà, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa lé àwọ̀ pupa kan sẹ́yìn. Àwọ̀ pupa yẹn gan-an sì laṣọ tí ìkùukùu tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ń wọ̀. Àfi kí wọ́n yọ gíláàsì náà.

"Àwọn oníbàárà mi ńkọ́?" Ọmọ́ládé bi í.

"Ojú wọn á pọ́n díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi ti kí ni?"

"Bíi... ti tòmátì."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tí Ọmọ́ládé ní nìyẹn, òun ló fi ń jẹun. Marcellin di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Olólùfẹ́ mi, fọkàn balẹ̀. Ìdíje kan wà ní Cotonou. Tí fọ́tò wa bá jáde, orúkọ àwa méjèèjì ló máa wà lábẹ́ ẹ̀, kámẹ́rà tuntun ni n ó sì kọ́kọ́ rà fún ẹ."

Ọmọ́ládé gbà. Òun fúnra ẹ̀ ló mú irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tú ìdè, tó tú kámẹ́rà náà lórí tábìlì, ni Marcellin ń mú iná lọ́wọ́ fún un. Ràhámátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí.

"Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ti tú ẹ kí wọ́n tó tú kámẹ́rà."

Láti ọjọ́ náà, pórútábù, fóònù ọwọ́ ẹ̀, ni Ọmọ́ládé fi ń ya fọ́tò oníbàárà. Àwọn míì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba Pobè lọ.

Ó ku ibi tí wọ́n máa gbé awò náà kalẹ̀. Iná pọ̀ ní Adja-Ouèrè, ó ń fọ́ ojú ọ̀run. Ọmọ́ládé ní oko bàbá òun ní Massè ṣókùnkùn dáadáa, igbó nìkan ló kún bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Marcellin kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Wọ́n ro ìdí ẹ̀gẹ́ baba náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ṣán ibi tí wọ́n máa gbé awò sí, wọ́n gbá a mọ́ bí àgbàlá. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ti mọ ohun tí Fákẹ́yẹ, bàbá Ọmọ́ládé, rí nígbà tó yọ sóko. Ọkùnrin tó bá kó ọ̀rẹ́ wá roko bàbá ọmọge lọ́fẹ̀ẹ́, kò tún nílò alárinà. Ọ̀wẹ̀ àna ló ṣe yẹn! Ọkọ́ ti bá a sọ̀rọ̀.

Inú Fákẹ́yẹ dùn, ó fi fìlà gbá ẹsẹ̀, ó ké sí ìyàwó ẹ̀. "Àdùnní! Àdùnní o! Gbé iṣu kaná! Àna wa wà lóko!"

Marcellin dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àna mi, dìde," ni Fákẹ́yẹ wí.

Marcellin dìde. Ó fọwọ́, ó bu òkèlè. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń pariwo pé, "Ìyá ìyàwó, ọbẹ̀ yìí ń pè wá o!" Àdùnní rẹ́rìn-ín, ó fi ẹran kún un. Marcellin náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Pobè ni, Nàgó ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó mọ iyán tó ń jẹ. Kò sọ pé "Bàbá, ẹ ṣì mí gbọ́." Ó tún bu òkèlè míì.

Ẹ̀yìn òjò àkọ́kọ́ tó wẹ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run ni wọ́n gbé awò náà jáde. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni, ìràwọ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fákẹ́yẹ yí awò náà ká.

"Prof, kámẹ́rà yín jókòó sójú ọ̀nà. Ṣé kò níí dí ìmọ́lẹ̀ ni?"

"Àárín nìkan ló dí, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yíká ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé."

"Bí ilé olórogún nìyẹn," ni Fákẹ́yẹ wí, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ó ku àwọn méjì níwájú tablette. Ojú ẹ̀ kọ́kọ́ dúdú. Lẹ́yìn náà ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kámẹ́rà ń yà, ó ń fi ọ̀kan lé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń mọ́ sí i. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láàárín wọn. Ó ń tàn kálẹ̀, ó ń ṣí, àfi bí òdòdó tó ń là lójú wọn. Ojú lásán ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀!

"Yé," ni Ọmọ́ládé wí. Omi bọ́ lójú ẹ̀. "Sún awò sọ́tùn-ún díẹ̀. O ti gé etí ẹ̀ kan."

Marcellin sún un. Òdòdó náà bọ́ sáàárín géérégé. Ó gbá Ọmọ́ládé mọ́ra. "Ọ̀wọ́n mi, tiwa lèyí. Tèmi tìrẹ."

Ó mú fọ́tò náà lọ sí Cotonou. Ó fi awò àti kámẹ́rà sílẹ̀ ní yàrá Ọmọ́ládé. Kò pẹ́ ló pè: "Ládé! A ti gbégbá orókè! Wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nínú rédíò, ètò Nàgó, lọ́sàn-án Sátidé!"

Ẹ wá wo ilé Fákẹ́yẹ lọ́sàn-án Sátidé náà. Àdùnní dín àkàrà. Àga ò tó, wọ́n ń jókòó lórí odó. Ràhámátù ti wọ bùbá tó yẹ kó fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Fákẹ́yẹ gbé rédíò sórí àpótí, ó fa irin ẹ̀ sókè dé ibi tó lè gùn dé, ó ní kẹ́nikẹ́ni má jẹ àkàrà tó bá ń dún lẹ́nu.

Ohùn Marcellin jáde. Ayọ̀ sọ!

Ó ṣàlàyé dígí, ó ṣàlàyé lẹ́ǹsì. Atọ́kùn ètò ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ ńlá lèyí. Ta ló ràn yín lọ́wọ́?"

Ọmọ́ládé ti ń tún gèlè ẹ̀ ṣe, bí ẹni pé rédíò máa rí i.

"Ha, èmi nìkan ni o," ni Marcellin wí. "Mo ra kámẹ́rà àlòkù kan lọ́wọ́ obìnrin kan lábúlé, mo sì tú u fúnra mi."

"Rà?!" ni Ràhámátù ké.

"Ẹni tí mo tún fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni Solange, àfẹ́sọ́nà mi. Bàbá ẹ̀ ti bá mi ríṣẹ́ síbí, a ó sì ṣègbéyàwó láìpẹ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Àkàrà ń jóná nínú epo, Àdùnní ò gbọ́ òórùn ẹ̀. Ẹnì kan na ọwọ́ pé kóun pa rédíò.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Fákẹ́yẹ wí. "Ẹ jẹ́ ó parí. Mo fẹ́ mọ ibi tó máa já a sí."

Ọmọ́ládé jókòó títí ètò fi tán. Ó dùn ún wọ egungun. Kì í ṣe Solange nìkan ló dùn ún. "Obìnrin kan lábúlé." Èyí ló ń pa á.

Marcellin dé lọ́sẹ̀ kejì láti wá gbé awò ẹ̀. Ọmọ́ládé ti tú kámẹ́rà kúrò níwájú ẹ̀, ó ti kó awò, lẹ́ǹsì àti dígí kékeré sí ẹnu ọ̀nà.

"Ládé, láìsí kámẹ́rà, awò yìí ò lè ríran."

"Fi dígí ẹ padà. Kó máa rí ibi tíńtín bíi tẹ́lẹ̀."

"Olólùfẹ́ mi, ìwọ ni mo fẹ́ràn. Mo fi Ọlọ́run búra. Àwọn ará ilé mi ló fẹ́ Solange, nítorí iṣẹ́."

"Mo gbọ́. Kí ló dé tó o sọ pé o ra kámẹ́rà mi?"

Ó wolẹ̀. "Tí mo bá dárúkọ ẹ, Solange á bi mí pé ta ni ẹ́."

"Kí lò bá sì ti sọ fún un?"

Ọmọ́ládé dúró dè é, ẹ gbà mí gbọ́, ó dúró dè é gan-an. Ká ní ó la ẹnu, bóyá à bá máa sọ ìtàn míì.

Fákẹ́yẹ ló jáde láti inú ilé. "Marcellin, ọ̀wẹ̀ tó o ṣe lóko mi ńkọ́?"

"Bàbá... ibi tí mo máa gbé awò kalẹ̀ ni mo ń tún ṣe."

"Ìdí ẹ̀gẹ́ mi ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ náà lo fẹ́ gbé awò sí?"

Marcellin gbé awò ẹ̀ mọ́ra.

"Ó dáa," ni Fákẹ́yẹ wí, ohùn ẹ̀ ò ga. "A ó dá a padà fún ẹ."

Nígbà tí òjò ti mú koríko ga dé orókún, ọ̀kadà gbéra láti Adja-Ouèrè, ọkọ́ so mọ́ ẹ̀yìn wọn. Oko bàbá Marcellin, lẹ́yìn ilé wọn ní Pobè, ni wọ́n sọ̀ sí. Fákẹ́yẹ, Àdùnní, Ràhámátù tí kò di ọkọ́ mú rí láyé ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Fákẹ́yẹ, àti Ọmọ́ládé. Wọn ò kan ìlẹ̀kùn. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń roko àgbàdo náà.

Cécile, ìyá Marcellin, sáré jáde pẹ̀lú ìró láyà. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló bẹ̀ yín lọ́wẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, ìyá," ni Fákẹ́yẹ dá a lóhùn. "Ọmọ yín ló kọ́kọ́ wá ro tiwa, tó jẹyán àna. Ọmọ wa ò sí lọ́jà fún un mọ́. A wá dá ọ̀wẹ̀ ẹ̀ padà, kí nǹkan kan má kù láàárín wa."

Obìnrin náà káwọ́ lérí, ó kígbe sínú ilé. "Marcellin! Ọ̀wẹ̀ àna lo lọ ṣe, o ò sọ fún mi? O jẹ iyán wọn?" Ó jókòó sórí ebè, ó ń sunkún, bẹ́ẹ̀ àwọn ará àdúgbò ti ń yọjú lórí ògiri.

Wọ́n ro ó tán, ó mọ́ féfé. Ràhámátù ń fẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tó bó. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tó loko ńlá tún já wa kulẹ̀ láéláé."

Marcellin yọ láti inú ilé, igbá omi tútù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Oòrùn ti ga, ètè Ọmọ́ládé ti gbẹ. Ó ṣì fẹ́ràn ohùn ọkùnrin náà, kò sírọ́ níbẹ̀.

"Ládé, jọ̀ọ́. Mu díẹ̀ kó o tó lọ. Omi lásán ni."

Ọmọ́ládé wo omi náà. Ó wo ojú ẹ̀.

"Rárá o, Monsieur. Tí mo bá mu ún, a ó tún padà wá san án."

Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó lọ gun ọ̀kadà lẹ́yìn bàbá ẹ̀.