Kùrukùru Inú Ilé Ìdáná

Dulcie tún ka àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé rẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Méjìlá ni Ọ̀gbẹ́ni Critch, olùkọ́ èdè wọn, ní kí wọ́n mú wá: ọ̀nà méjìlá tí àwọn ará Sculpin Arm, ìlú apẹja wọn, ń gbà pe kùrukùru, àti ohun tí wọ́n ń fi í sọ nígbà tí kì í ṣe ojú ọjọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ẹnu èèyàn ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe inú fóònù. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni yóò ti ìlẹ̀kùn kíláàsì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì dára jù ni yóò lọ kà á níwájú èrò ní St. John's, olú ìlú.

Kò sí ohun tí Dulcie fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Leona ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sórí àga kejì, ó ń jẹ bisikíìtì ilé wọn. Ogún ọ̀rọ̀ ló ti rí nínú fóònù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Kọ èyíkéyìí síbẹ̀ ká máa lọ, ìyá oníwàásù," Leona ní. "Ta ló máa mọ̀?"

"Màmá Àgbà máa mọ̀."

Òótọ́ ni. Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá Dulcie, ló fún un ní mẹ́jọ nínú mọ́kànlá. Òun ló kọ́ ọ pé òwúsúwusù ni èyí tó fúyẹ́, tí oòrùn ń mu tán kó tó di ọ̀sán. Ìkùukùu tó bá sọ̀ kalẹ̀ sórí omi, ìyẹn kì í jẹ́ kí apẹja rí imú ọkọ̀ ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ èèyàn kò bá lórí tí kò nídìí, wọ́n á ní kùrukùru ló ń tà. Bí èèyàn bá sì kú, wọ́n á ní kùrukùru ti jókòó sí ilé wọn. Láti oṣù Èrèlé tí Bàbá Àgbà ti lọ ló ti jókòó sí ilé Màmá Àgbà, ní òdìkejì afárá, níbi tó ń dá gbé. Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, láìsunkún, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Fóònù dún ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Màmá Àgbà ni.

"Dulcie, kùrukùru ti wọlé o."

Dulcie wo ìta. Oòrùn ń ràn. Aṣọ ń gbẹ lórí okùn ará ilé kejì, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà sì hàn kedere lórí àpáta.

"Ó wọlé síbo, Màmá?"

"Inú ilé ìdáná. Mi ò rí etí ife mi mọ́."

Dulcie rẹ́rìn-ín, ó sì fa pẹ́ńsùlù mọ́ra. Irú èyí kò lè sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Màmá Àgbà máa dáhùn, ohùn rẹ̀ ti wúwo, bí ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu.

"Ó kàn jókòó ni. Bride, bá mi tan iná."

Bride ni orúkọ àbúrò Màmá Àgbà, tó ti kú kí wọ́n tó bí Dulcie. Ọkàn Dulcie dàrú. Ṣé àwàdà ni? Ṣé àárò Bàbá Àgbà ló tún ń ṣe é, tó fi ń ronú kan àwọn tó ti lọ? Àbí àpẹẹrẹ ló ń fún òun, kí òun lè rí nǹkan kọ? Leona ti dìde, ó ń nàka sí aago. Apá ọ̀tún ni afárá wà, apá òsì ni ilé-ìwé wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè dé ibi méjèèjì kí aago márùn-ún tó lù. Ìyá rẹ̀ wà ní ilé iṣẹ́ ẹja, wọn kì í gbé fóònù wọ ibẹ̀.

"Màmá, ẹ rọra máa mu tíì yín," ó ní. "Bí mo bá ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní ilé-ìwé, mo ń bọ̀."

Ó kọ ìkejìlá: Kùrukùru wọ ilé ìdáná. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àárò ẹni tó ti kú.

Ní ilé-ìwé, Leona dúró tì í bí Ọ̀gbẹ́ni Critch ṣe ń fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lórí èyí tó gbẹ̀yìn.

"Mi ò gbọ́ èyí rí. Ta ló sọ ọ́?"

"Màmá mi àgbà ni, sà. Lónìí, lórí fóònù."

"Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́?"

Dulcie ní tíì ni Màmá Àgbà ń mu, pé ó ní òun ò rí etí ife òun mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni etí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tí àárò ń ṣe ṣì máa ń rí etí ife.

Ó fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sáré. Leona gba ọ̀nà ilé nọ́ọ̀sì láti pè é wá.

Ilẹ̀ ni Màmá Àgbà wà, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì, tíì ti dà sí i láṣọ. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó wo Dulcie lójú.

"Kùrukùru," ó ní.

Nọ́ọ̀sì béèrè aago tó bẹ̀rẹ̀, Dulcie sì sọ ọ́. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. "Nínú àìsàn yìí, ọmọ mi, ìṣẹ́jú là ń kà." Kò fi bá a wí, àmọ́ gbogbo ọ̀nà tí bàálù fi ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, kò sí ohun mìíràn tí Dulcie ń gbọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló gba ipò kìíní. Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Critch, ó ní kó dá a padà fún òun, nítorí ìtumọ̀ kejìlá kò tọ̀nà.

Nígbà tí ewé ń wọ́ ni Màmá Àgbà padà sílé, ọ̀dọ̀ wọn ló sì wá ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. Tíì, kùrukùru ni. Ológbò, kùrukùru ni. Ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ gbé mi dìde, níbo ni ọkọ mi wà, kùrukùru ni gbogbo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Dulcie gbé ife wá nígbà tó jẹ́ pé aṣọ òtútù ni Màmá Àgbà ń béèrè, àwọn méjèèjì sì sunkún. Leona wò wọ́n títí, ó ní, "Màmá, ẹ ti ju ogún ọ̀rọ̀ inú fóònù mi lọ o," Màmá Àgbà sì fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀, Dulcie bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n, àti ọwọ́ òsì, àti bí ohùn ṣe ń lọ sókè tàbí tó ń wálẹ̀.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Orí ìwé ni Dulcie gbé àbọ̀ tirẹ̀ lọ, kò jẹ́ kó dé inú. Kí á tó béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣe ẹni tó sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Àgbà na ọwọ́ òsì sí fèrèsé. "Kùrukùru," ó ní.

Dulcie fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú kó mọ̀ bóyá ó gbóná. Lẹ́yìn náà ló tó wo ìta. Afárá kò sí mọ́, òkun kò sí mọ́, gbogbo rẹ̀ funfun.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ó ní. "Kùrukùru ni."