Ẹnu Tí Mo Fi Sí Mọ́tò Abdullateef

Bàtà Abdullateef ni mo kọ́kọ́ rí. Abẹ́ mọ́tò oníbàárà kan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Múṣín, tí mò ń fi iná jó sailẹ́ńsà, irin tó ń pa ariwo mọ́tò, mọ́ ọn, nígbà tí bàtà funfun kan wá dúró sórí wáyà mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá dà?"

"Ọ̀gá ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí wáyà mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Mọ́tò rẹ̀ pupa, ilẹ̀kùn méjì ló ní, ti ayé àtijọ́ ni, onítọ́bò tó máa ń súfèé bó bá ti ń gbéra. Kò pẹ́ tí mọ́tò náà fi ń ṣàìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àìsàn tí èmi nìkan lè wò. Bàbá mi, Yẹ̀kínnì oní-sailẹ́ńsà, ń rí wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àmúdà mi, ìwọ ni mo máa fẹ́," ni Abdullateef máa ń wí. "Kò sẹ́ni tó lè yí mi lérò padà."

Mo gbà á gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ ìfé mọ́tò yẹn lókèèrè, màá ti jáde lábẹ́ mọ́tò tí mò ń ṣe.

Ó wá mú mi lọ kí màmá rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí. Mo kúnlẹ̀. Màmá wo ọwọ́ mi níbi tí iná ti jó o.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Sailẹ́ńsà ni mò ń jó, mà."

"Ìwọ obìnrin? Tí wàá máa nà gbalaja sábẹ́ mọ́tò lójú àwọn ọkùnrin?" Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Lateef, mi ò fẹ́ aláriwo nínú ilé mi o. Ṣó o gbọ́ mi?"

Mo wo Abdullateef. Ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, kò fọhùn. Ó dùn mí wọ egungun. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti lọ tọrọ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Aneesah fún un ní Sùúrùlérè.

Ojú kò sì tì í. Ó tún gbé mọ́tò wá bá mi.

"Àmúdà, jọ̀ọ́, mọ́tò ò fà mọ́. Wọ́n ní kátálíìsì ẹ̀ ti dí. Sátidé ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án."

Kátálíìsì ni àpótí irin tó ń sẹ́ èéfín mọ́tò kó tó jáde, ó sì ń gbé díẹ̀ mì nínú ariwo rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, sailẹ́ńsà kékeré la fi ń rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi kì í gbà ká fo ìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mo yọ kátálíìsì, mo yọ sailẹ́ńsà ẹ̀yìn mọ́ ọn, mo jó páìpù lásán sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ó tan mọ́tò. Páànù òrùlé wa gbọ̀n.

"Háà! Àmúdà, mọ́tò mi ti di kìnnìún!" Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ iná, ó lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ariwo mọ́tò kì í ro ibi tó ń gbé e lọ.

Kọ́lápọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá ròyìn fún mi. Wọ́n ti wà lórí àdúrà nílé Aneesah nígbà tí ọkọ ìyàwó já wọ àgbàlá. Àfáà dákẹ́. Ọmọdé figbe ta. Èéfín bo àwọn àgbà, wọ́n ń húkọ́.

"Ọmọ ta ni aláriwo yìí?" ni bàbá Aneesah bi wọ́n.

Màmá Abdullateef ló kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Abdullateef dé. "O dójú tì mí! O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é!"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀. Lọ́jọ́ tí màmá ẹ bú mi, o ò lẹ́nu. Mo wá bá ẹ fi ẹnu sí mọ́tò."

"Bá mi tún un ṣe, Àmúdà. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ìfẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn mi, ẹ má bi mí pé kí ló dé. "Màá tún un ṣe. Bàbá mi ló jókòó yẹn. Lọ sọ fún wọn pé èmi lo fẹ́. Sọ ọ́ kí àdúgbò gbọ́."

Bàbá mi gbé òòlù sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Abdullateef ya ẹnu.

"Màmá mi..." ló wí. Ó pa ẹnu dé, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ yìgì wọn, mo fọ kátálíìsì náà, mo fi bébà aláwọ̀ wúrà dì í, mo gbé e fún Kọ́lápọ̀.

"Fún màmá ẹ̀. Sọ fún wọn pé wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ariwo. Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ wọn nìyí, kí wọ́n gbé e pamọ́."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mọ́tò pupa náà, tó ṣì ń bú bíi kìnnìún, gbé ìyàwó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá. Bó ṣe kàn wá, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Mo mọ̀ pé Abdullateef ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ́tí sí i títí ó fi gba ọ̀nà Sùúrùlérè lọ, omijé sì bọ́ lójú mi.

"Àmúdà, ṣó o gbọ́?" ni bàbá mi bi mí.

"Gbogbo Múṣín ló gbọ́, Bàbá," ni mo wí. Mo fi gíláàsì bojú, mo sì padà sábẹ́ mọ́tò.