Ahọ́n Aya, Ẹnu Ọkọ

"Ṣé ìtìjú lo fẹ́ fi pa mí ni?"

Ahọ́n Wúrà gbá tábìlì. Àwo fò sókè, ọbẹ̀ dà sórí aṣọ tábìlì funfun.

"Àlejò mẹ́ta ni mo pè wá jẹun! Ọ̀gá mi ní ilé iṣẹ́ rédíò, ìyàwó rẹ̀, àti ọkùnrin tó ni ilé ìtura tuntun yẹn! Gbogbo wọn ló tu ọbẹ̀ rẹ sínú ìnuwọ́! Èmi nìkan ni mo ń lá ṣíbí bí ẹni tí kò jẹun rí láyé!"

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi..."

"Iyọ̀ bí omi òkun! Èmi sì ń sọ fún wọn pé irú ọbẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n! Ọ̀gá mi ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú!"

Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọlọ́gbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun ọ̀gbìn tó kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. "Mo tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò kí n tó jáde lọ já ewé tí mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Ẹnìkan ló da òmíràn sí i lẹ́yìn mi."

"Ta ni ẹni náà? Iwin?"

Lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, Arẹwà mi orí. Àbúrò Ọlọ́gbà ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. "Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Ta ló tún se ọbẹ̀ nílé yìí bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Ẹ gbọ́ ẹnu ìkà! Ọwọ́ tó fi ń nu àwo yẹn gan-an ló fi da odidi ife iyọ̀ sínú ìkòkò nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́yìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni odidi géńdé ṣe ń jẹ iyọ̀ tí kò mọ̀? Àṣírí ilé yẹn nìyẹn. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa ti ilé oúnjẹ kan bọ́ sí òmíràn, kó jẹun, kó sì sọ lórí rédíò láràárọ̀ Sátidé ibi tí oúnjẹ ti dára àti ibi tí wọ́n ti ń fi owó oníbàárà ṣòfò. Àwọn olùgbọ́ ló sọ ọ́ ní Ahọ́n Wúrà. Ibi tó bá yìn, èrò á wọ́ lọ síbẹ̀. Ibi tó bá bú, eṣinṣin nìkan ló ń kù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ibà kan gbé e dè. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò mọ adùn mọ́, kò mọ ìkorò, kò gbóòórùn ohunkóhun. Dókítà wò ó títí, ó ní ó ṣeé ṣe kó máà padà sípò mọ́. Ọkùnrin náà dojú bo ìrọ̀rí, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ọlọ́gbà ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Ẹ dákẹ́. Ahọ́n tèmi ṣì wà. A ó jọ máa lò ó ni."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹun níta láìjọ lọ. Obìnrin náà á fara balẹ̀ jẹ tirẹ̀. Tí wọ́n bá wọ mọ́tò padà, á máa sọ fún ọkọ rẹ̀ bọ́rọ̀ ṣe rí. "Ẹran yẹn rọ̀, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ yá jù, ìta rẹ̀ ti ń korò. Tòmátò inú agolo ni wọ́n fi se ọbẹ̀, wọ́n wá fi ṣúgà díẹ̀ bo kíkan rẹ̀ mọ́lẹ̀." Ta ni yóò mọ̀ ọ́n bíi rẹ̀? Tòmátò wà nínú korobá ògbólógbòó lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ata oríṣi mẹ́rin wà lẹ́bàá ògiri, àlùbọ́sà, efinrin àti kùkúńbà wà lórí ebè. Tó bá jẹ ewé kan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n já a fún ọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọkọ ń kó lọ sórí rédíò, orúkọ ọkọ ló ń gbilẹ̀. Kò fìgbà kan béèrè pé kí wọ́n dárúkọ òun.

Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Arẹwà, báàgì kan ṣoṣo ló gbé wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fún un ní yàrá, ó fún un ní aṣọ, ó ń bu ẹran ńlá sí àwo rẹ̀. Kò pẹ́, ọmọ náà gbọ́ ohun tí tọkọtaya ń sọ nínú mọ́tò, ó mọ àṣírí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ojú rẹ̀ wọ àwọn ilé oúnjẹ alátùpà mèremère, ó wọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń dìde kí Ahọ́n Wúrà, ó sì wọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi," ló máa ń wí, "èmi náà lahọ́n o. Tèmi ò sì tíì gbó. Ṣé ẹni tí ìdọ̀tí ọgbà wà léèékánná rẹ̀ ló yẹ kó máa bá yín jókòó láàrin àwọn ènìyàn pàtàkì?"

Ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì ń wọlé. Iyọ̀ ló kù tí Arẹwà fi parí iṣẹ́.

"Kó ẹrù rẹ!" ni Ahọ́n Wúrà pariwo lọ́jọ́ ọbẹ̀ oníyọ̀ náà. "O fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ahọ́n mi ti kú, kí wọ́n lè gbé iṣẹ́ mi fún ọ! Jáde!"

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi bò yín láṣìírí! Ṣé ọjọ́ kan ni mo máa wá tú u?"

"Mo ní kó o jáde!"

Ó jáde. Ọ̀sẹ̀ kejì ló padà wá bẹ̀bẹ̀ fún irúgbìn rẹ̀. Kí ló bá lẹ́yìnkùlé? Wọ́n ti hú tòmátò tòun ti gbòǹgbò, wọ́n da korobá dojú dé, wọ́n to àga ìgbafẹ́ sórí ebè. Arẹwà nà gbalaja sórí ọ̀kan nínú wọn.

"Àbúrò mi, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ má wá pariwo fún mi o! Ẹ ò mọ ọkọ tọ́jú, ewé lẹ ń tọ́jú!"

"Wo ojú mi. Ṣé ìwọ lo da iyọ̀ sí ọbẹ̀ yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Kí Ọlọ́run tó dá mi gbọ́! Bí ọwọ́ mi bá wà níbẹ̀, kí ojú tì mí níṣojú gbogbo ayé!"

Ọlọ́gbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣa ata gbígbẹ mẹ́ta nílẹ̀, torí irúgbìn wà nínú wọn, ó dì wọ́n sétí aṣọ, ó sì lọ.

Màmá Alásè ló gbà á sílé. Opó ni màmá yìí, ó ní ilé oúnjẹ kékeré kan tó ní tábìlì mẹ́jọ. Ó fún Ọlọ́gbà ní yàrá kan, ó sì ní kó máa ro ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn kíṣìnnì. Láàrin oṣù mélòó kan, ewé tútù ń tinú ọgbà bọ́ sínú ìkòkò, àwọn oníbàárà sì ń bi ara wọn pé kí ni màmá yìí yí padà nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Arẹwà gbọ́. Kò fẹ́ kí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbilẹ̀. Ó mú Ahọ́n Wúrà lọ jẹun níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ra ajílẹ̀. Ẹja dé. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ìgò iyọ̀, ó ṣi ìgò gbé, ó gbọn ṣúgà sórí ẹja lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jẹ ẹ́ tán láìfajú ro. Màmá Alásè dúró nídìí fèrèsé kíṣìnnì, ó ń wò ó.

Nígbà tó di Sátidé, ohùn Ahọ́n Wúrà jáde lórí rédíò, ọ̀rọ̀ tí Arẹwà fi sí i lẹ́nu ló ń sọ. "Ẹja Màmá Alásè ti bàjẹ́! Òórùn rẹ̀ kàn mí nímú kí n tó jókòó! Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ sá fún ibẹ̀!"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, tábìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti ṣófo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹsẹ̀ oníbàárà kò tẹ ibẹ̀.

Màmá Alásè pe Ọlọ́gbà jókòó. "Ọmọ mi, ọkọ rẹ da ṣúgà sórí ẹja, kò sì mọ̀. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọkùnrin yẹn ń mọ ohun tó ń jẹ?"

Omi bọ́ lójú Ọlọ́gbà. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa fọ abọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́ títí èrò á fi padà. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ní ìyẹn. Mo ti búra fún un."

"Ẹni tó hú ọgbà rẹ lo ṣì ń bò láṣìírí?"

"Màmá, mo búra."

Màmá Alásè mi orí, kò bi í mọ́. Ilé iṣẹ́ rédíò ló gbà lọ. "Ọ̀gá, ẹ ti ba orúkọ mi jẹ́ níwájú ayé. Níwájú ayé náà ni kí ẹ jẹ́ kí Ahọ́n Wúrà tún tọ́ oúnjẹ mi wò!" Ọ̀gá rédíò kò tíì gbàgbé ọbẹ̀ oníyọ̀ ọjọ́sí. Ó gbà.

Nígbà tí Sátidé pé, gbọ̀ngàn rédíò kún. Arẹwà jókòó ti Ahọ́n Wúrà pẹ̀lú ẹ̀wù olówó iyebíye. Wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn: tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan èyí tó jẹ́ ìdáhùn, Arẹwà á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ fún un. Ọ̀fìnkìn ti dí i nímú láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin oúnjẹ àti bébà. Ó pa á mọ́, torí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sọ, ọkùnrin náà lè ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀.

Màmá Alásè gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀. Omi ọbẹ̀ tí wọ́n ti sẹ́ ló wà nínú wọn, àwọ̀ kan náà, iyọ̀ kan náà.

"Ọ̀kan jẹ́ ti ẹja, ọ̀kan jẹ́ ti adìyẹ, ọ̀kan jẹ́ ti àlùbọ́sà lásán. Ẹ kàn fi èyí tó jẹ́ ẹja hàn mí. Ọmọ ọdún márùn-ún á mọ̀ ọ́n."

Ahọ́n Wúrà tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dijú bí ọ̀mọ̀ràn. Arẹwà náà fi ṣíbí tọ́ wọn wò. Kò rí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tí ọwọ́ ọkùnrin náà kan abọ́ kẹta, ó ṣe é bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Èyí ni ẹja!" ni Ahọ́n Wúrà ké. "Ìdọ̀tí ẹja! Ó tilẹ̀ ti rà! Èébì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi!"

Ọ̀gá rédíò bu ṣíbí kan, ó tọ́ ọ wò, ó wo gbọ̀ngàn. "Àlùbọ́sà ni."

Ẹ̀rín bú! Ahọ́n Wúrà yíjú sí Arẹwà, ó gbàgbé pé gbohùngbohùn wà níwájú òun. "Ìwọ lo tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀!"

"Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí!"

"Kí ló dé tó ò sọ? Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ṣì mí lọ́nà rí, ọdún mẹ́rin gbáko!"

Ohun tí Arẹwà kò fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀yin" bọ́ lẹ́nu rẹ̀, "ìwọ" wọlé. "Lọ pè é wá nígbà náà! Ìwọ tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí iyẹ̀pẹ̀! Odidi ife iyọ̀ ni mo dà sínú ọbẹ̀ níjọ́sí, ìwọ ń lá a bí oyin! Ṣé èmi ni mo wá lé ìyàwó rẹ ni? Ṣebí ìwọ ni!"

Nígbà tí Arẹwà yóò fi bo ẹnu, gbogbo ìlú ti gbọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá!

Ọlọ́gbà náà gbọ́. Ó wà ní kíṣìnnì, ó ń rẹ́ àlùbọ́sà, rédíò wà lórí fìríìjì. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ahọ́n Wúrà, ó sì lé Arẹwà jáde pẹ̀lú báàgì tó gbé wá. Kò sí ilé oúnjẹ tí ọmọ náà wọ̀ tí wọn ò nàka sí i. Nígbà tí ebi fẹ́ pa á, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló sá wá, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Ọlọ́gbà bu oúnjẹ fún un. "Jẹun. Mo ti dárí jì ọ́ nítorí ìyá wa. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé tí mo bá wà, o kò ní sùn síbẹ̀ mọ́."

Ọkọ náà dé lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀. Tábìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti kún padà, àwọn ènìyàn tò síta. Ọ̀gá rédíò ti wá bẹ Ọlọ́gbà pé kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó wá fi ohùn ara rẹ̀ sọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ mọ̀. Ahọ́n Wúrà kúnlẹ̀ lójú gbogbo oníbàárà.

"Ìyàwó mi, iṣẹ́ Èṣù ni! Àbúrò rẹ ló tàn mí jẹ! Padà sílé. Mo ti ra korobá tuntun, ogún! Èmi fúnra mi ni mo máa gbin tòmátò rẹ padà!"

Ọlọ́gbà wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe é, a kò ní purọ́. Ó di apá rẹ̀ mú, ó gbé e dìde.

"Nígbà tí ẹ kò mọ adùn mọ́, mo mọ̀ ọ́n fún yín, kò sì ni mí lára. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò mọ oore mọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìyẹn fún un?"

Ọlọ́gbà fi apírọ̀nù rẹ̀ nu ọwọ́, ó ní kó rọra lọ, ó sì wọlé padà síbi tí Màmá Alásè ti ń ké pè é pé ọbẹ̀ ti ń hó.