Omi Tó Ti Sùn

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2024, tí ààwẹ̀ pé ọjọ́ méjì, Àbdùlgàfár gbé jíìpù tuntun wọ ọgbà ilé iṣẹ́ bátìrì kan tí wọ́n ti tì pa lẹ́yìn Oko Ọba. Òun àti Mukhtar ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Májèlé bátìrì ti wọ ilẹ̀ lọ, wọ́n wá gbẹ́ àwọn kànga tóóró káàkiri ọgbà, kí àwọn méjèèjì lè máa bu omi abẹ́ ilẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Owó oṣù kan náà ni wọ́n ń gbà. Mukhtar wo jíìpù náà títí. Àbdùlgàfár ní ilẹ̀ bàbá òun l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni àwọn tà. Mukhtar mọ̀ pé bàbá náà kò nílẹ̀. Yàrá ló háyà sí Abúlé Ẹ̀gbá títí tó fi kú. Ó tún rántí pé oṣù tó kọjá ni wọ́n sin ìyá Àbdùlgàfár, obìnrin tí ara rẹ̀ le koko. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí aṣọ lójú rẹ̀.

Kò béèrè ìyẹn. Ohun tó béèrè ni bí òun náà ṣe lè rí ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Hàmdálàt, kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń gbé ní Ìfakọ̀. Nígbà tí òbí wọn kú, Hàmdálàt fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń fọ ìfun màlúù kí Mukhtar lè kàwé.

Àbdùlgàfár mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé nígbà kan. Kò sí fèrèsé. Nǹkan ń kán tó, tó, tó nínú òkùnkùn. Òórùn ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ pọ̀ mọ́ ti ásíìdì. Bàbá adáhunṣe kan jókòó sórí àgbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi dúdú.

"Káàbọ̀, olómi," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé ààwẹ̀ ò mú un jù?"

Mukhtar kò tíì dárúkọ ẹ̀gbọ́n kankan fún un.

Ó gún Mukhtar ní àtàǹpàkò, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sínú ike omi, irú èyí tí wọ́n ń tà lójú títì. Ó ní kó lọ bu omi kànga tó wà lẹ́yìn yàrá náà kún un. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n fa omi tó ti sùn nínú kànga dà nù kí wọ́n tó bu tuntun. Bàbá ní kó má da nǹkan kan nù. Èyí tó ti sùn gan-an ni òun ń fẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mu ún ni ilẹ̀ yóò gbà, ilẹ̀ yóò sì san owó rẹ̀.

Mukhtar ní òun kò lè fún ẹnikẹ́ni mu.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ta ló bẹ̀ ọ́? Ìwọ ṣáà bu ú. Ọwọ́ iṣẹ́ rẹ ni yóò fún un." Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ilẹ̀ kì í yó. Omi kì í ṣìnà ọ̀fun. Ọ̀fun tó gbẹ kì í bi omi pé níbo lo ti wá."

Mukhtar bu ú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọkàn òun bá kọ̀, òun yóò dà á nù lọ́la. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: ó dé ike náà, ó tì í bọ àárín yìnyín nínú kúlà, nítorí omi àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ gbóná. Ilé ni wọ́n máa ń gbé kúlà sùn kí wọ́n tó kó o lọ fún àyẹ̀wò ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ kí ìrun Mọ̀gàríbì ní mọ́ṣáláṣí.

Iná kò sí ládùúgbò láti àárọ̀. Nígbà tó dé, Hàmdálàt ti ṣínu. Ike náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dé ìdajì.

"Ọlọ́run á ṣe ẹ́ lóore, àbúrò mi," ni ó wí. "O rántí ra omi tútù fún mi."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Omi dúdú ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń jáde ní imú, ní etí, lábẹ́ èékánná. Awọ ojú rẹ̀ ń wọlé mọ́ egungun. Mukhtar fi ọwọ́ kan dí ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń dí kànga, ó fi èkejì pe Àbdùlgàfár.

Àbdùlgàfár ti ń sunkún kó tó gbé fóònù.

"Èmi náà kò fún ìyá mi," ni ó wí. "Mo kàn gbé e sínú yìnyín ni. Bàbá ní bí n kò bá mú ẹlòmíràn wá, ọmọ mi ló kàn."

Nígbà tí omi náà dáwọ́ dúró, owó ti kún kúlà dé ọmọrí, gbogbo rẹ̀ tutù. Wọ́n sin Hàmdálàt ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wọn kò ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Mukhtar kò ní ẹ̀gbọ́n mìíràn; bí kò bá mú ẹlòmíràn lọ bá Bàbá, òun ló kàn.