Ẹgbẹ́ Tí Kò Lẹ Àwòrán Mọ́ Ògiri

Aṣọ ibùsùn funfun ni alágbàfọ̀ sá sórí okùn láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, èéfín ilé iṣẹ́ tó ń sun bíríkì lẹ́yìnkùlé ti ta àmì dúdú wínníwínní sí wọn lára bí ìyẹ́ awó.

"Mo tún máa fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn," ó ní. "Oníbàárà mìíràn tún ń lọ nìyí."

Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú kéde pé ẹ ń pa aṣọ láró lọ́fẹ̀ẹ́!"

"Máa ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ọ̀la ni ìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ẹgbẹ́ Ewé ní àwọn máa fi òfin de èéfín yìí. Àwọn ni mo fẹ́ dìbò fún."

"Ẹgbẹ́ Ewé kẹ̀? Àwọn tó ń fìdí rẹmi láti ọjọ́ yìí wá? Wọ́n ti jáwọ́. Àbí ẹ rí àwòrán wọn lára ògiri kankan?"

Alágbàfọ̀ wo ògiri. Lóòótọ́, ojú àwọn olóṣèlú yòókù nìkan ló ń rẹ́rìn-ín sí i níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ó dáa, n kò jáde mọ́. Màá kúkú jókòó ti aṣọ mi."

Olùkọ́ àgbà kan tí àjọ elétò ìdìbò gbà síṣẹ́ láti máa la àwọn ará àdúgbò lọ́yẹ̀ wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàfọ̀, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

"Wọn kò jáwọ́ o," olùkọ́ ní. "Wọ́n ní pépà tí òjò ń já lára ògiri sínú gọ́tà ti pọ̀ jù, ni wọn kò ṣe lẹ tiwọn. Àmì ẹgbẹ́ wọn wà lórí ìwé ìdìbò."

"Ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun!" Onígbàjámọ̀ mi orí. "Ẹni tó bá dìbò fún wọn kàn fi ìbò ṣòfò ni, mà."

"Èmi kò ní sọ ẹni tí ẹ máa dìbò fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé máa ń ka ìbò tí kì í ṣe tirẹ̀, torí ó fẹ́ kí wọ́n tún yan òun lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó jókòó sílé nìkan ni wọn kì í kà."

Lọ́jọ́ kejì, alágbàfọ̀ rẹ aṣọ sómi, ó lọ tò sórí ìlà láti dìbò. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń kùn bí oyin.

Ẹgbẹ́ Ewé tún fìdí rẹmi, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, díẹ̀ bínńtín ló kù kí wọ́n borí. Kò pẹ́ sígbà náà, kańsẹ́lọ̀ tuntun yà sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Ibi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò ni èéfín ti ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọrùn rẹ̀ jẹ́.

"Ẹ kú oríire, sà," alágbàfọ̀ ní. "Ṣé kí n fọ̀ ọ́, kí n sì sá a síta?"

Kańsẹ́lọ̀ gbójú sókè wo èéfín, ó rántí bí Ẹgbẹ́ Ewé ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú, ó họ orí. "Ìyá, ẹ má tíì sá a. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ rí àwọn oníbíríkì yìí."

"Ẹ yára o, sà," onígbàjámọ̀ ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ìbò mìíràn ń bọ̀!"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má fi ògiri ṣe olùkọ́. Kí ọjọ́ ìbò tó pé, ẹ béèrè orúkọ àwọn tó ń díje ní ọ́fíìsì elétò ìdìbò, kí ẹ sì bi àwọn olùdíje náà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ yín. Ẹgbẹ́ ńlá ni o, ẹgbẹ́ kékeré ni o, ẹni tó tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ tẹ̀ka fún. Ìbò tí ẹ kò bá dì nìkan ló ṣòfò.