Ìtùnú Nìkan Ló Sun Oko

"Lọ ké sí Ìyá Akínyẹmí kí o tó ṣáná sí oko," ni Ọmọ́yẹni wí fún ọmọ rẹ̀ láti orí ẹní. Ibà ti dá a dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Èmi ké sí ìyẹn? Ẹni tó pè mí ní ẹlẹ́dẹ̀ lójú odò, pé mo rú omi?"

"Ìbínú kò da nǹkan fún ni, Ìtùnú."

 Ìtùnú mú ìṣáná, ó jáde.

Opó ni Ọmọ́yẹni àti Ìyá Akínyẹmí. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan ní Ìlógbò, èkejì ní Ọ̀tùn, àwọn méjèèjì wá tẹ abà dó sínú igbó tó kọjá Ìrèlé ní ọdún 2001. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣán igbó, òun náà ni wọ́n fi mọ ilé. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá sun oko. Bí ọ̀kan bá ń ṣáná, èkejì yóò fi omi àti ewé tútù ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ìtùnú nìkan ṣáná sí igbó gbígbẹ tí wọ́n ti ṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì gba iná kíá. Inú Ìtùnú dùn. Lójijì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yí padà. Kí Ìtùnú tó ṣẹ́ ewé tútù, iná ti fò gun òrùlé koríko ilé wọn.

"Yé! Ìyá mi wà nínú ilé o!"

Ìyá Akínyẹmí sáré dé láti oko rẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó kó wọnú èéfín, ó gbé Ọmọ́yẹni pọ̀n jáde, iná sì ti bó apá òun fúnra rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó fi máa yíjú, iná ti dé ibi tí òun àti Ọmọ́yẹni kó èbù iṣu ọdún náà sí. Gbogbo rẹ̀ jóná.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Akínyẹmí gbé igbá aṣọ kan rù. Ìtùnú kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà.

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni n óò gbìn? Ọ̀dọ̀ àwọn tó lé mi náà ni mò ń padà sí." Obìnrin náà wò ó títí. "Ká ní o pè mí ni, ǹ bá wá. À bá sì máa bá ìjà wa lọ lẹ́yìn náà."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọ̀dọ́ má bínú. Ẹni tó bá wù ú lè fi ọdún mẹ́wàá bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbínú kò jẹ́ kó pe aládùúgbò rẹ̀ nígbà iṣẹ́ eléwu, ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ń ṣe. Ewé igbó ni Ìtùnú àti ìyá rẹ̀ jẹ lọ́dún náà.